Wọ́n Dá Wọn Dúró

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ewì ni wọ́n ní kí n kọ fún ìwé wa ti sáà yìí. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ, mo fà á ya, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ò fẹ́ kọrin. Ìbéèrè ló fẹ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n bi yín bó ṣe wà lọ́kàn mi, kí ẹni tí èrò rẹ̀ bá sàn ju tèmi lọ wá bá mi níbi ìpàdé wa.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ṣebí Yorùbá náà ni mò ń kọ́ níbí. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé ọsibítù, tí dókítà ní kò lè padà sílé lọ́jọ́ náà, oríṣi mẹ́ta la máa ń sọ. A lè ní "wọ́n ti gbà á." A lè ní "wọ́n ti fún un ní bẹ́ẹ̀dì." A sì lè ní "wọ́n dá a dúró." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Sáà tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n lè gba èèyàn kí wọ́n má fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lè dá a dúró, kó sì wà lórí ìdúró lóòótọ́. (Ẹ rántí pé "dá dúró" yìí kan náà la fi ń sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ní kó lọ máa jókòó sílé. Èdè wa gbọ́n jù wá lọ.)

Ìyá màmá mi ni. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kọ iṣẹ́, ẹnu wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò wa kan ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù ńlá ìjọba. A débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: wọn ò lé wa. Dókítà kan tí àìsùn ti pọ́n lójú yẹ̀ wọ́n wò kíá, ó ní rọpárọsẹ̀ ni. A sanwó, wọ́n ya àwòrán orí wọn, wọ́n kọ oògùn, mo sáré lọ rà á. Nígbà tó máa fi di aago méjì òru, ó ti wà nínú fáìlì pé wọ́n ti gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Mọ́mì mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì ló wá rọra sọ fún wa pé, "Mọ́mì, wọ́n ti gbà yín o, àmọ́ kò tíì sí bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀sán Sátidé la tó kúrò níbẹ̀. Wákàtí 39. Mo kà á.

Ẹni tí kò bá tíì sun ẹmájẹ́ńsì rí lè máa rò pé ìdúró náà ni ìdúró, bí ìgbà téèyàn ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tóóró kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ti èèyàn lọ síbi àwòrán, tí wọn ò ṣe fún sísùn, òun ni Màmá wà lórí rẹ̀. Àwọn mìíì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga ike, wọ́n so dírípù rẹ̀ kọ́ irin fèrèsé. Iná ò kú tọ̀sán tòru. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i nínú ìlú yìí tí iná ò kú, mo sì ń gbàdúrà kó kú, nítorí Màmá ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Nígbà tó di òru kejì, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n fi ń pè mí, wọ́n ń bi mí pé ṣé mo ti so ewúrẹ́. Mo ní mo ti so ó.

Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lóru kìíní. Mo ka aláìsàn, wọ́n jẹ́ 31. Mi ò rí ẹyọ nọ́ọ̀sì kan tó jókòó jẹun. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ni mò ń bá wí.

Ohun tí mo wá rí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Aláìsàn tí wọ́n ti gbà tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀dì, kò ní olówó. Dókítà pàjáwìrì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí Màmá. Fáìlì ti sọ pé ti wọ́ọ̀dù ni wọ́n. Àwọn dókítà wọ́ọ̀dù ń yẹ àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn wò láràárọ̀, Màmá ò sì sí lórí bẹ́ẹ̀dì kankan lọ́dọ̀ wọn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Oògùn aago mẹ́fà àárọ̀ di ti aago mẹ́wàá, kì í ṣe pé ẹnì kan kọ̀ láti fún wọn. Wọ́n gbé àwọn mẹ́ta tí ọ̀kadà gbá wọlé ní aago mẹ́fà kù díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún ilẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó wà níbẹ̀ sì lọ síbẹ̀. Èmi náà ì bá bínú bí wọn ò bá lọ. Màmá ò pariwo. Ẹni tí kò bá pariwo níbẹ̀, á dúró. Ìṣòro tèmi ni pé aláìsàn tó le jù ní ẹmájẹ́ńsì kì í lágbára láti pariwo.

Ìyá arúgbó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, àwọn àti ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 15 lọ. Rọpárọsẹ̀ náà ni. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin náà ni wọ́n gbà wọ́n sí. Ọjọ́rú ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ni mo rí lọ́dọ̀ wọn títí a fi kúrò. Ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ kan péré tó fi ṣáájú wa, ó ti di ọ̀gá. Mọ́mì mi po ògì lóru àkọ́kọ́, wọ́n ti gbé ṣíbí débi ẹnu Màmá, ọmọ náà fò dìde: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá wọ́ báyìí, oúnjẹ lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀fun wọn wò." Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa yí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn wọn má baà bó: èmi dì wọ́n mú léjìká, òun ní ìbàdí, ó ká "ó di ẹ̀ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀mejì." Lẹ́yìn náà, a jọ yí ìyá tirẹ̀. Nígbà tí ooru mú lọ́sàn-án Ẹtì, ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún mi pé kí n fẹ́ Màmá, irú abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n máa ń pín níbi ìsìnkú àgbà.

Ní alẹ́ Ẹtì, mọ́mì mi pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí à ń pè ní Bàbá Èkó. Bàbá Èkó pe ẹnì kan. Ẹni náà pe ẹlòmíì. Ní ọ̀sán Sátidé, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí kì í ṣe dókítà tí kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọlé, ó ní, "Èwo ni màmá ọ̀gá?" A dáhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kan ti yọ.

Ta ló bá wa ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà náà? Ọmọ yẹn ni. Ó fi ọwọ́ kan gbé dírípù Màmá sókè, ó fi ọwọ́ kejì tì wá dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Nígbà tó máa padà, ó dọ̀bálẹ̀ fún mọ́mì mi, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú oríire."

Mọ́mì mi wà lórí fóònù nígbà yẹn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Èkó. Wọ́n ní, "Èèyàn mà laṣọ mi o!"

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. A máa ń ṣàlàyé rẹ̀ pé ó ń kọ́ni ní ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ó kọ́ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jẹ́ aṣọ, a jẹ́ pé àwọn kan wà tó wà ní ìhòòhò. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí wọn.

Ẹ jẹ́ ká ro ó pa pọ̀. Bí ohun kan ò bá káríkárí, bí wọ́n ṣe ń tò ó lè rí báyìí tàbí báyẹn. Ní ìdí ẹ̀rọ owó tàbí ní gáréèjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni í. Ní ẹmájẹ́ńsì, ẹni tí ikú sún mọ́ jù ló ni í, ìyẹn sì dára. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà dúró lẹ́yìn Màmá nítorí pé Màmá ló kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá fi èyí àkọ́kọ́ wọ̀n wá, ìyá yẹn ló ṣáájú. Bí wọ́n bá fi èkejì wọ̀n wá, mi ò kí ń ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí ọ̀nà ọ̀fun ìyá náà ṣe ń hó nígbà tí wọ́n bá ń mí, Màmá tiwa sì ń mí geere. Kò sí èyí tí a fi jàre nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta la lò: ta lo mọ̀? Ìyẹn ò sì sí lákọsílẹ̀ níbì kankan. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "bẹ́ẹ̀dì kan ti yọ", bíi pé olú ni, pé òjò ló rọ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mọ́mì mi ní bí oṣù kan lẹ́yìn náà. Wọ́n fi ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kí n fi ìyá tó bí mi sílẹ̀ lórí irin kí wọ́n kú, kí n lè jẹ́ olóòótọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, mi ò gbà pé èsì ìbéèrè yẹn rọrùn. Ẹni tó bá fi ìyá rẹ̀ àti àlejò sórí òṣùwọ̀n kan náà, tó ń wò ó bóyá wọ́n dọ́gba, àwa Yorùbá ò ní pe onítọ̀hún ní ọmọlúàbí. Ọmọ burúkú la máa pè é, bóyá a ò sì jẹ̀bi. Èèyàn ní ohun tó jẹ ìyá rẹ̀ tí kò jẹ ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fi ń san gbèsè yẹn? Oorun mi, mo lè fi san án. Owó mi, aṣọ mi tí mo bá tà, ẹsẹ̀ mi tí mo fi sáré oògùn kiri ní aago mẹ́ta òru, gbogbo ìyẹn tèmi ni, mi ò nílò láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó fi tọ́jú Màmá. Bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti Bàbá Èkó. Ohun tí Bàbá Èkó fún ìyá wọn lẹ́bùn lọ́jọ́ yẹn, àyè ìyá kan tí wọn ò rí rí ni. Wọn kì í ṣe ìkà. Bàbá Èkó ló ń san owó iléèwé mi. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níwájú wa. Èmi ni mo mọ̀. Mo mọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Ẹ lè ní ẹ̀bi wa kọ́, ẹ̀bi ìjọba ni. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, sọ ní abala 20 pé kò sí ọsibítù tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohunkóhun tí ì báà fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ọsibítù yẹn pa òfin mọ́, wọn ò kọ̀ wá. Ẹnu ọ̀nà ni òfin yẹn dúró sí. Ní ọdún 2001, Àbújá níbí ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí pé ìpín 15 ó kéré tán nínú 100 owó ìṣúná àwọn á máa lọ sí ètò ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò ò tíì dé ibẹ̀ rí.

Nígbà tí a sì dé wọ́ọ̀dù, mo rí ohun tó fi bẹ́ẹ̀dì ṣọ̀wọ́n. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sí ti Màmá ti fọ aṣọ, ó ti sá a sí fèrèsé, ó ń kọ orin. Mo ní, "Anti, ara yín ti yá nìyẹn." Ó ní ara òun ti yá láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ti kọ ọ́ pé kí òun máa lọ sílé, owó ni kò tíì pé, wọn ò sì ní jẹ́ kí òun kọjá géètì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ẹni tó yẹ kó lọ kò rí ọ̀nà lọ, ẹni tó yẹ kó wọlé kò rí ibi wọ̀. Bíi gọ́tà àdúgbò wa ló rí: ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìdọ̀tí dí i, ṣùgbọ́n ilé àwọn tó wà lókè ni omi ń yà wọ̀, àwọn yẹn á wá máa bú òjò. Gbogbo wa ń bú ẹmájẹ́ńsì. Ilé ìgbowó ni ó dí.

Mo tún fẹ́ fi ọkàn balẹ̀ pé Nàìjíríà ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wà lára àwọn tó jápa lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọ fún wa lórí fóònù pé kọ́rídọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ àwọn àgbà sí lọ́dọ̀ àwọn náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, Royal College of Nursing, gbé ìwé kan jáde tó kún fún ẹ̀rí àwọn nọ́ọ̀sì tó lé ní 5,000 nípa kọ́rídọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi náà ló fi ìwádìí kan hàn mí tó jáde ní ọdún 2022. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọ́n gbà láti ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 2016 sí 2018. Bí ó bá ti kọjá wákàtí 5 tí aláìsàn ti dé tí kò rí bẹ́ẹ̀dì, ikú ń pọ̀ sí i láàárín oṣù kan tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ẹni 82 bá dúró títí ó fi kọjá wákàtí 6 sí 8, ikú kan á lé lórí iye ikú tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n wo àwọn àgbà tó ti pé ọdún 75 sókè ní ẹ̀ka pàjáwìrì 97. Nínú àwọn tó sun ibẹ̀ mọ́jú, ìpín 15.7 nínú 100 ló kú sí ọsibítù. Nínú àwọn tó rí wọ́ọ̀dù kí aago méjìlá òru tó lù, 11.1 ni.

Ọ̀kan nínú 82. Mo ti ń ro nọ́ńbà yìí títí tí mo fi gbàgbé láti kàwé ìdánwò. Èwo ni ẹnì kan yẹn? Kò sẹ́ni tó lè na ìka sí i. Ìwé ikú rẹ̀ á sọ pé rọpárọsẹ̀ ni, tàbí àyà, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, kò sí dókítà tó máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìdúró ló pa á." Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún gbogbo wa nìyẹn, fún ẹni tó ń pín owó ìṣúná, fún ọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fún Bàbá Èkó. Bí a bá ṣe é tí ẹnì kan kú, a ò ní mọ̀. Olè tó jí ewúrẹ́ mọ ilé tí ó ti jí i. Àwa ò mọ ilé ẹni tí a jí àyè rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣe kòńgẹ́ aburú yìí, pé mo mọ ojú ìyá náà, mo sì ti dì wọ́n mú léjìká rí.

Bẹ́ẹ bá bi mí pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Màá pe Bàbá Èkó fúnra mi, mi ò ní dúró di alẹ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé kò dáa, màá sì ṣe é. Mo ti gbìyànjú láti sọ pé ibi tó bá jẹ́ pé ìfẹ́ ìyá ẹni ló ń sọni di olè, ibẹ̀ ló ní ẹ̀bi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá ti sọ ọ́, ara máa ń tù mí, ó sì ń bà mí lẹ́rù bí ó ṣe ń tù mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹmájẹ́ńsì. Ọmọdébìnrin kan ló wà ní ibi tí ìyá yẹn wà, ìyá rẹ̀ ń fọn ikun nù ún. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn tọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ìyá wo?" Mo ṣàpèjúwe, mo ní ọmọkùnrin kan wà pẹ̀lú wọn. Ó ní bóyá wọ́n ti gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó ní bóyá wọ́n ti gbé wọn lọ sílé. Ẹnì kan ń pè é, ó lọ.

Mo lọ wo wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ orúkọ ọmọ náà. A jọ wà níbẹ̀ fún òru méjì, bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí, àbúrò ni mò ń pè é.

Màmá ti wà nílé. Ọ̀rọ̀ wọn ti ń já geere díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ooru bá mú lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó síta, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì fẹ́ ara wọn. Abẹ̀bẹ̀ ọmọ yẹn ni. Inú báàgì wa ló bá wa dé ilé.